Wọ́n ní wọ́n ti pa ọ̀gá agbésùmọ̀mí: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ará Òṣogbo

Bí ìròyìn bá ti jáde pé àwọn ológun pa ọ̀gá agbésùmọ̀mí kan, kì í pẹ́ tó fi ń di ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú nílùú yìí. Ní ìsọ̀ oníwèé ìròyìn ní Ọláìyá, nínú mọ́tò tó ń lọ sí Òkefìà, níbi ìpàdé wọ́ọ̀dù, ẹnì kan á ní, "Ìjọba wa ṣiṣẹ́." Ẹnì kejì á ní, "Irọ́ ni, ìbò ló ń bọ̀." Àwọn ìbéèrè tí àwọn èèyàn máa ń béèrè jù nírú àsìkò bẹ́ẹ̀ la kó jọ síbí, pẹ̀lú ìdáhùn wọn.

Ẹni tí gbogbo wa kórìíra ló kú. Kí ló wá ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa?

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta la dà pọ̀ mọ́ra. Àkọ́kọ́ ni ikú ọkùnrin náà: ṣé òótọ́ ni, ṣé òun gan-an ni? Ìkejì ni iṣẹ́ àwọn ṣọ́jà tí wọ́n wọ igbó. Ìkẹta ni ìyìn tí olóṣèlú fẹ́ gbà níbẹ̀. Ẹni tó bá gba ti àkọ́kọ́ gbọ́ kò ní láti gba ti ìkẹta. Èèyàn lè dìbò fún ẹgbẹ́ alátakò kó sì sọ pé àwọn ọmọ ogun ṣe dáadáa. Èèyàn lè wà nínú ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba kó sì béèrè pé, "Òkú dà?" Ọ̀rọ̀ ló máa ń dàrú nígbà tí a bá lọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, tí ẹni tó bá béèrè nípa òkú wá di ọ̀tá ìjọba, tí ẹni tó bá sì yin ṣọ́jà di alátìlẹyìn gómìnà.

Irú ọ̀rọ̀ wo ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń sọ?

Wọn kì í yí ohùn padà. Ẹgbẹ́ tó wà lórí àlééfà á ní: ẹ wo iṣẹ́ wa, àwọn tó ṣáájú wa ò lè ṣe é. Ẹgbẹ́ alátakò á sọ ọ̀kan nínú mẹ́rin: irọ́ ni, ó pẹ́ jù, nítorí ìbò ni, tàbí pé àwa la gbin ohun tí ẹ ń ká yìí. Bí ìjọba bá yí padà lọ́la, wọ́n á ṣe pàṣípààrọ̀ ọ̀rọ̀ ni, bíi àwọn tó pààrọ̀ àga níbi òde.

Ṣé ilẹ̀ wa nìkan ló ti ń rí bẹ́ẹ̀?

Rárá o. Ẹ jẹ́ ká mú ti Abu Musab al-Zarqawi, ọ̀gá al-Qaeda ní Ìráàkì. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà ọdún 2006, bàálù ogun Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù méjì sórí ilé kan tó fara pamọ́ sí nítòsí ìlú Baqubah. Ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ́ǹbù náà wúwo tó àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́rin àbọ̀. Ọjọ́ kejì ni Nouri al-Maliki, olórí ìjọba Ìráàkì, kéde rẹ̀. Ààrẹ Bush jáde, ó yin àwọn ọmọ ogun, ó sì kìlọ̀ pé ọjọ́ líle ṣì wà níwájú. Àwọn ará ẹgbẹ́ rẹ̀, Republican, ní ikú náà fi hàn pé ó yẹ kí àwọn ṣọ́jà dúró sí Ìráàkì. John Kerry ti ẹgbẹ́ Democrat náà yìn wọ́n, àmọ́ ó ní ní báyìí tí Zarqawi ti kú, ó yẹ kí wọ́n máa bọ̀ nílé. Àwọn aṣòfin díẹ̀ nínú ẹgbẹ́ yẹn tiẹ̀ ní wọ́n fẹ́ fi bo ìṣòro Ààrẹ mọ́lẹ̀ ni.

Ẹ wò ó dáadáa: òkú kan ṣoṣo, ìdájọ́ méjì tó kọ ẹ̀yìn síra wọn. Ẹni tó fẹ́ kí ogun máa lọ kí Zarqawi tó kú ṣì fẹ́ kí ó máa lọ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kí wọ́n padà sílé ṣì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí kálukú ti ní lọ́kàn tẹ́lẹ̀ ló fi òkú náà ṣe ẹlẹ́rìí fún. Òṣùwọ̀n tí a máa ń gbé fún àwọn èèyàn nìyí: bí ọ̀rọ̀ tí o fẹ́ sọ yóò bá rí bákan náà bóyá ọkùnrin náà kú tàbí kò kú, kì í ṣe ikú rẹ̀ lò ń sọ. Ti ẹgbẹ́ rẹ lò ń sọ.

Ọ̀rọ̀ náà tún kan ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Wọ́n gé orí ọmọ Amẹ́ríkà kan, Nicholas Berg, ní Ìráàkì lọ́dún 2004, Zarqawi ni wọ́n sì di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Nígbà tí Zarqawi kú, bàbá ọmọ náà, Michael Berg, ní inú òun kò dùn sí ikú ẹnikẹ́ni, ó sì dá Bush náà lẹ́bi. Òun fúnra rẹ̀ ń du ipò aṣòfin lábẹ́ ẹgbẹ́ Green lọ́dún náà. Báyìí ni ọ̀rọ̀ bàbá tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀ ṣe di ohun tí àwọn kan gbé gẹ̀gẹ̀ tí àwọn mìíràn sì fi bú u. Ìyẹn ló dùn wá jù nínú gbogbo ìtàn yìí.

Bẹ́ẹ̀, ìyìn náà ò tọ́jọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, ẹgbẹ́ Bush pàdánù ilé aṣòfin méjèèjì.

Osama bin Laden àti àwọn tó tẹ̀lé e ńkọ́?

Bákan náà. Àwọn ọmọ ogun orí omi Amẹ́ríkà pa bin Laden ní Abbottabad, ní Pakistan, ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún ọdún 2011. Àwọn ará ẹgbẹ́ Obama ní òun ló pàṣẹ. Àwọn ará ẹgbẹ́ Bush ní lábẹ́ ti wọn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa rẹ̀. Àwọn kan ní àwọn ò gbà bí wọn ò bá rí fọ́tò òkú, Obama sì kọ̀ láti gbé e jáde. Nínú ìwádìí èrò aráàlú tí ilé iṣẹ́ Gallup ṣe, àwọn tó ń gbóríyìn fún Obama lọ sókè láti 46 sí 52 nínú ọgọ́rùn-ún. Ká tó rí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ti wálẹ̀ padà.

Nígbà tí Abu Bakr al-Baghdadi, ọ̀gá ẹgbẹ́ ISIS, kú ní Síríà ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, ìjà ibẹ̀ dá lórí ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún: Trump ti fi tó Rọ́ṣíà létí, kò sì sọ fún Nancy Pelosi, olórí ilé aṣòfin kékeré, tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ kejì. Nígbà tí wọ́n pa Ayman al-Zawahiri, ẹni tó gba ipò bin Laden, nílùú Kabul ní ìparí oṣù Keje ọdún 2022, ẹgbẹ́ Biden ní ẹ wò ó, a ò nílò ṣọ́jà lórí ilẹ̀ Afghanistan mọ́. Ẹgbẹ́ alátakò béèrè pé, kí ló ń ṣe ní àárín Kabul bí kò bá ṣe pé ẹ sá kúrò níbẹ̀?

Ẹ̀ẹ̀melòó ni Shekau kú?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà há sórí. Àwọn aláṣẹ kọ́kọ́ ní Abubakar Shekau, tó padà di ọ̀gá Boko Haram, kú ní 2009, lásìkò tí Mohammed Yusuf, olùdásílẹ̀ Boko Haram, kú sí àhámọ́ ọlọ́pàá ní Maiduguri. Ní 2010 Shekau yọ nínú fídíò. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2013, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí ọgbẹ́ ìbọn ti pa á. Ó tún yọ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, wọ́n ní ẹni tó ń fi ara rẹ̀ pe Shekau nínú fídíò ni àwọn pa ní Konduga. Ó tún yọ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016, àwọn ológun òfuurufú ní bọ́ǹbù àwọn ṣe é léṣe tó lè já sí ikú. Ó tún yọ.

Oṣù Karùn-ún ọdún 2021 ló wá kú ní tòótọ́, nínú igbó Sambisa. Kì í ṣe ọwọ́ ìjọba ló ti kú. Àwọn ISWAP, ẹ̀ka ISIS ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n ti yapa kúrò lára rẹ̀, ló ká a mọ́, ó sì fi bọ́ǹbù pa ara rẹ̀ kí wọ́n má bàa mú un. Lọ́tẹ̀ yìí, ohun tí ilé iṣẹ́ ológun wa sọ ni pé àwọn ń wádìí. Ohùn Abu Musab al-Barnawi, ọ̀gá ISWAP, tó jáde ní oṣù Kẹfà ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ẹ ka ọdún wọ̀nyẹn pẹ̀lú ẹgbẹ́ tó wà lórí àlééfà. 2009, 2013 àti 2014, PDP ni. 2016, APC ni. Ẹgbẹ́ méjèèjì ló ti wà nípò nígbà tí wọ́n kéde ikú tí kò ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi èyí na ẹgbẹ́ kejì lẹ́gba, kó rántí pé ẹ̀yìn tiẹ̀ náà wà níta.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé òun gan-an ni?

Bí òkú bá wà, ìtẹ̀ka ọwọ́, àpá ara àti àyẹ̀wò DNA ni wọ́n ń lò. Ti Zarqawi, wọ́n yẹ ìka, ojú àti àpá ara rẹ̀ wò. Ti bin Laden, wọ́n fi DNA rẹ̀ wé ti àwọn ìbátan rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́jà tiẹ̀ dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú kí wọ́n lè mọ bó ṣe ga tó. Baghdadi fi bọ́ǹbù tó dè mọ́ra pa ara rẹ̀, síbẹ̀ wọ́n rí ohun tó kù lára rẹ̀ tó tó fún àyẹ̀wò. Ti Zawahiri, kò sí DNA rárá. Ìwádìí abẹ́nú ni Amẹ́ríkà gbára lé.

Ibi tí ó ti máa ń bàjẹ́ ni bọ́ǹbù tí bàálù jù láti òkè sínú igbó. Awakọ̀ rí iná, ó rí èéfín, kò rí ojú ẹnikẹ́ni. Bí ṣọ́jà orí ilẹ̀ kò bá lè débẹ̀ kíákíá, àwọn agbésùmọ̀mí á ti gbé òkú wọn lọ. "A gbàgbọ́ pé ó kú" ni ìròyìn tó kúrò níbẹ̀, kó tó dé Òṣogbo, ó ti di "Ó ti kú." Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ìṣe inú gbólóhùn ni kí ẹ máa wò. "Wọ́n pa á," "wọ́n gbà pé ó kú," "wọ́n ṣe é léṣe," "wọ́n kọ lu ibùdó rẹ̀": mẹ́rin ni wọn, wọn kì í ṣe ọ̀kan.

Ẹgbẹ́ agbésùmọ̀mí fúnra wọn sábà máa ń jẹ́wọ́. Al-Qaeda jẹ́wọ́ ikú bin Laden ní ọjọ́ kẹrin. Àwọn ọmọ lẹ́yìn Baghdadi jẹ́wọ́ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, wọ́n sì dárúkọ ẹni tó jókòó sí ipò rẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà. Àmọ́ bí wọ́n bá dákẹ́, ìyẹn nìkan kò sọ ọ́ di irọ́.

Fọ́tò òkú kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí Wáàsáàpù mi. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má fi ránṣẹ́ ná. Ẹ wo òkè rẹ̀: bí ẹ bá rí ọfà méjì, ó ti gba ọwọ́ èèyàn márùn-ún ó kéré tán kọjá kó tó kàn yín, ẹni tó fi í ṣọwọ́ sí yín kọ́ ló ni í. Ẹ pa fọ́tò náà mọ́ sórí fóònù, ẹ fi Google Lens wá a. Bí fọ́tò kan náà bá jáde pẹ̀lú ìròyìn ọdún 2015 láti Síríà, ó ti parí nìyẹn. Ẹ gé ojú nìkan kúrò nínú fọ́tò kí ẹ tún wá a lẹ́ẹ̀kejì, nítorí àwọn tó ń gbé fọ́tò àtijọ́ káàkiri máa ń gé etí rẹ̀ tàbí kí wọ́n kọ nǹkan sí i lára, èyí sì máa ń dí ìwádìí àkọ́kọ́ lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ìkéde ológun fúnra rẹ̀, kì í ṣe ohun tí ẹnì kan sọ pé ológun sọ. Nǹkan mẹ́rin ni kí ẹ fojú wá nínú rẹ̀: orúkọ agbègbè, ọjọ́, orúkọ ọ̀gá ológun tó sọ̀rọ̀, àti bí wọ́n ṣe dá òkú mọ̀. Bí méjì nínú mẹ́rin bá sọnù, ẹ fún un ní ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kejì, ẹ ó rí i pé BBC Yorùbá àti àwọn ìwé ìròyìn ńlá ti bi àwọn ológun ní ìbéèrè tí ẹ̀yin ì bá bi wọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, bí fọ́tò náà bá tiẹ̀ jẹ́ òótọ́, ẹ má gbé òkú tó fọ́ yángá sórí ojú òpó tí àwọn ọmọdé wà.

Ṣé ikú ọ̀gá máa ń parí ogun?

Ó ṣọ̀wọ́n. Yusuf kú ní 2009. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2010, àwọn èèyàn rẹ̀ ti padà, wọ́n fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Bauchi, wọ́n sì burú ju ti ìṣáájú lọ. Lẹ́yìn Zarqawi, ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn ní Ìráàkì pọ̀ sí i ni. Ẹgbẹ́ tó fi sílẹ̀ yẹn gan-an ló padà di ti Baghdadi.

Ti Shekau ní ojú méjì. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn èèyàn rẹ̀ jáde kúrò nínú igbó ní Borno, wọ́n jọ̀wọ́ ara wọn pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ. Nígbà kan náà, ISWAP gba ilẹ̀ àti ọmọ ogun tó ti jẹ́ tirẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ní "ogun ti parí" àti ẹni tó ní "kò sí ohun tó yí padà," àwọn méjèèjì ò sọ ọ́ délẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ ká máa bi olóṣèlú, ti ẹgbẹ́ yòówù kó jẹ́, ni pé: ta ló gba ipò rẹ̀? Àwọn tí wọ́n jí gbé dà? Àgbẹ̀ mélòó ló ti padà sóko?

Ṣé ó burú kí èèyàn yọ̀?

Àwọn èèyàn wa máa ń wí pé ẹni tó ń fi idà pani kì í jẹ́ kí wọ́n fi idà kọjá nípàkọ́ òun. Kò sí ẹni tó lè ní kí ẹni tí wọ́n pa bàbá rẹ̀ má yọ̀. Lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìjọ Àgùdà St. Francis ní Ọ̀wọ̀, ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, níbi tí ó kéré tán 40 èèyàn ti kú, kò sí Yorùbá tó lè ní ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí òun. Bíbélì sì wà tó ní kí a má yọ̀ bí ọ̀tá bá ṣubú, nínú Òwe orí 24. Ọ̀rọ̀ ọkàn kálukú ni, a ò ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.

Ohun tí a kò fara mọ́ ni kí wọ́n fi aṣọ ẹgbẹ́ òṣèlú bora kí wọ́n máa jó. Ṣọ́jà tó kú lẹ́nu iṣẹ́ náà kò wọ àǹkárá ẹgbẹ́ kankan lọ sójú ogun.

Kí ni kí a ṣe bí ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í bú àwọn Hausa tó wà ní Sábó?

Ẹ dá a dúró lójú ẹsẹ̀, kó tó di ariwo. Ẹ sọ fún un pé Borno, Yobe àti Adamawa ni Boko Haram ti pa èèyàn jù, Mùsùlùmí ni púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n pa, wọ́n sì pa wọ́n nínú mọ́ṣáláṣí pẹ̀lú. Ẹni tó ń ta àlùbọ́sà tàbí tó ń tún bàtà ṣe ní Sábó lè ní ẹbí tó sá kúrò nílé nítorí wọn. Nínú agbo ilé kan ní Òṣogbo, ẹ lè rí Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti ọlọ́ṣun tó ń jẹun nínú abọ́ kan. Ìlú bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fàyè gba ẹni tó ń fi ẹ̀sìn tàbí èdè mọ agbésùmọ̀mí.

Mo fẹ́ pe orí rédíò. Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́?

Ìṣẹ́jú kan ni ẹ máa rí, bóyá kó má tiẹ̀ pé. Ẹ kọ gbólóhùn mẹ́ta sórí ìwé kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà. Àkọ́kọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ẹni tó kéde rẹ̀. Ìkejì, ìyìn tàbí ìbéèrè yín sí àwọn ológun. Ìkẹta, ohun tí ẹ fẹ́ kí ìjọba ṣe tẹ̀lé e. Ẹ yí rédíò tiyín sílẹ̀ kó má bàa máa han padà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé èèyàn á fi ìdajì ìṣẹ́jú kí olóòtú, á fi ìyókù bú gómìnà, wọ́n á sì já a kúrò kó tó dé orí ọ̀rọ̀.

Èmi ni mò ń kọ ọ̀rọ̀ jáde fún ẹgbẹ́ wa ní wọ́ọ̀dù. Kí ni kí n kọ?

Ẹ wo èyí: "Ẹgbẹ́ wa ti pa ọ̀gá Boko Haram, ẹ̀yin aláìmoore ẹ̀ ń ríran bí?" Kò dára. Ẹgbẹ́ ò yìnbọn. Bí ọkùnrin náà bá sì yọ nínú fídíò ní oṣù tó ń bọ̀, gbólóhùn yẹn ni wọ́n á máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọjọ́ ìbò.

Ẹ wo èyí: "Ilé iṣẹ́ ológun kéde lónìí pé àwọn pa lágbájá ní ibi báyìí. A kí àwọn ọmọ ogun wa, a sì bá ẹbí àwọn tó kú kẹ́dùn. A ń retí àlàyé lórí bí wọ́n ṣe dá a mọ̀." Ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba lè kọ ọ́, alátakò náà lè kọ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe àríwísí, ẹ fi sínú ọ̀rọ̀ mìíràn ní ọjọ́ mìíràn, kí ẹ sì gbé e ka orí owó, ohun ìjà tàbí ìtọ́jú ṣọ́jà, níbi tí ẹ̀rí wà.

Ṣé òfin lè mú mi nítorí ohun tí mo fi ránṣẹ́?

Ó lè mú yín. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015, tí wọ́n ṣàtúnṣe sí ní 2024, ka irọ́ tí èèyàn mọ̀ ní irọ́, tó sì gbé jáde láti da ìlú rú tàbí fi ẹ̀mí ẹlòmíràn sínú ewu, sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìjìyà rẹ̀ lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta tàbí owó ìtanràn mílíọ̀nù méje náírà. Ẹ sì má gbé fídíò ibi tí ṣọ́jà ń lọ tàbí ibi tí wọ́n sùn sí jáde, ì báà jẹ́ ọmọ yín tó wà níbẹ̀ ló fi ránṣẹ́. Àwọn tó wà nínú igbó náà ní fóònù.

Mo ti fi irọ́ ránṣẹ́ sí ojú òpó ẹbí kí n tó mọ̀. Ṣé kí n kàn pa á rẹ́?

Ẹ pa á rẹ́, àmọ́ ẹ má fi mọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ti kà á ti gbé e lọ síbòmíràn. Ẹ kọ ọ́ sí ojú òpó kan náà pé: "Ohun tí mo fi ránṣẹ́ lánàá lórí ikú lágbájá kì í ṣe òótọ́. Fọ́tò àtijọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti fi í ránṣẹ́, kó sọ fún àwọn tó fi í ránṣẹ́ sí." Ẹ má fi àwíjàre kún un, ẹ má dárúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan nínú rẹ̀. Kí ẹ wá pe àwọn àgbà tí kì í ka Wáàsáàpù lórí fóònù, nítorí ẹnu àwọn ọmọ tó kà á fún wọn ni wọ́n ti gbọ́ tàkọ́kọ́, wọ́n sì lè ti sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì.